Gẹ̀ẹ́sì Etí Kànga

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí mi lónìí, tó jẹ́ kí omi wà nínú kànga wa, tí kò jẹ́ kí okùn já mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n ti kọ́ mi ní ìwé Yorùbá. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní ilé ìwé ìjọba, bí kì í bá ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, n kì bá tí lè fi èdè ìyá mi kọ èyí tí mò ń kọ yìí. Mo dúpẹ́ fún ọkọ mi. Mo dúpẹ́ fún ìyá ọkọ mi tó ṣì wà láàyè, tó ń jẹun, tó ń bínú, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ fún ìyàwó àbúrò ọkọ mi pẹ̀lú. Òun ni mo fi ṣe ìkẹyìn nínú ọpẹ́ mi, Ọlọ́run sì mọ ìdí rẹ̀.

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ilé ni mí, ní Kétu níbí, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ọmọ kan wà tí wọ́n bí nígbà tí ìgbéyàwó mi kù díẹ̀, "ọkọ mi" ni mò ń pè é títí dòní, ó sì ti ga jù mí lọ. Nítorí náà, Màmá ni màá máa pe ìyá ọkọ mi, Ìyàwó ni màá máa pe aya àbúrò ọkọ mi, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń pè wọ́n lójúkojú.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo nínú agbo ilé wa. Èmi ni mò ń gbé omi ìwẹ̀ Màmá kalẹ̀ láàárọ̀. Èmi ni mo mọ orúnkún tó ń dùn ún àti èyí tó kàn ń fi ṣe àwáwí. Bí ó bá ń bọ̀ láti oko tó ru ẹrù, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀ ọ́. Á dúró gbọnin lójúde pẹ̀lú igbá ẹ̀pà lórí, á máa pè mí, bí ọkọ mi tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó ti na ọwọ́.

"Ìwọ mọ ẹrù sọ̀ ni?" ni Màmá máa ń bi í. "Ìyàwó mi ni kí o pè fún mi."

Mo máa ń sáré jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú eérú lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá ṣe ìyàwó ilé rí kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dùn tó.

Nígbà tó yá, àbúrò ọkọ mi gbé ìyàwó tirẹ̀ wálé. Ará ibí ni bàbá ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ló ti ń ṣòwò, ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, tó sì ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ó mọ Gẹ̀ẹ́sì bí èmi ṣe mọ ọ̀nà oko. Kò gbéraga, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, "Ìyálé mi, ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ó ń gbálẹ̀ kí n tó jí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni, ǹ bá rí nǹkan sọ nípa rẹ̀.

Ọmọ ìkẹyìn Màmá, obìnrin, wà ní Wárì ní Nàìjíríà. Ọkùnrin ará ibẹ̀ ló fẹ́ ẹ, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Nígbà tó bí ọmọ àkọ́kọ́, èmi àti Màmá la jọ lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti débẹ̀ ṣáájú wa, òun ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń pọ̀n ọ́n, òun ló ń fi epo para fún un. Ọmọ Màmá ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn tó kù nílé ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wọn bí òjò, èmi àti Màmá sì jókòó sí pálọ̀, a ń wo tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń bọ́ wa dáadáa. Nígbà tí a padà dé Kétu, àwọn èèyàn bi Màmá pé báwo lọmọ. Ó ní, "Ọmọ wà. Mo rí i."

Ìròyìn wá dé pé ọmọ rẹ̀ tún ti lóyún. Màmá sọ pé òun máa lọ bí ó bá ti bímọ, òun á sì mú ọ̀kan nínú àwa ìyàwó méjèèjì dání. Ọ̀kan! N kò tilẹ̀ bi í pé ta ni. Mo ti ń ronú ìró tí màá ró dé ẹnu ibodè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a wà nídìí kànga. Kànga orí òkè wa yìí jìn. Pọ́ǹpù ìjọba wà lójú títì, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá wù ú ló ń ṣiṣẹ́. Okùn kànga gùn débi pé èèyàn kò lè dúró sójú kan kó máa fà á. Ẹni méjì la jọ máa ń gbé e kọ́ èjìká, a ó kọ ẹ̀yìn sí kànga, a ó máa fà á lọ lójú ọ̀nà títí a ó fi dé ìdí igi máńgòrò, kí garawa tó yọrí. Èmi àti Ìyàwó ló ń fà. Màmá jókòó létí kànga, òun ló ń gba garawa. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ké sí wa:

"Ìyàwó!"

Àwa méjèèjì dáhùn.

"Kì í ṣe ìwọ, ọmọ mi. Ìyàwó kékeré ni mò ń pè. Wá kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. "Màmá, Gẹ̀ẹ́sì wo? Ti bí a ṣe ń kíni?"

"Kí ni n ó fi ìkíni ṣe? Wọ́n kí mi kí mi nígbà tí a lọ níjelòó, wọn kò gbé ọmọ fún mi. Iṣẹ́ ni mò ń bá lọ. Kí là ń ṣe nílé ọmọ tuntun? À ń gbé, à ń pọ̀n, à ń fa omi, à ń kó aṣọ. Ìyẹn ni kí o kọ́ mi."

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó fi okùn sílẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ ti Màmá. Okùn wà ní èjìká èmi nìkan. Mò ń fà, wọ́n ń kàwé.

Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí wọn kì í ṣe é. "Púlù" ni fífà. "Dirágì" ni kí èèyàn máa wọ́ nǹkan nílẹ̀. "Píkì" ni kí a ṣa nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, "gáda" ni kí a kó o jọ. Bí Ìyàwó bá sọ ọ̀rọ̀ kan, Màmá gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ, bí wọ́n ṣe kọ́ Ìyàwó ní Abẹ́òkúta nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyàwó kan kì í pàṣẹ fún ìyá ọkọ. Kí ló ṣe? Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ mẹ́yìn, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o, ẹ forí jì mí o: Púlù!"

Màmá fa okùn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún mi báyìí láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Tún pa á!"

"Màmá, ẹ forí jì mí o: Gáda!"

Màmá ń kó èso máńgòrò tó já sílẹ̀ jọ sínú aṣọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Orúnkún tó ń dùn ún ní gbogbo ìgbà tí èmi bá wà nítòsí kò dùn ún lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ "káárì" ni Màmá bá jà. Ìyàwó sọ fún un pé káárì ni gbígbé, káárì ni rírù, káárì náà ni pípọ̀n.

"Ọ̀kan ṣoṣo?" ni Màmá wí. "Ẹni tó ru igi àti ẹni tó pọn ọmọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Káárì ni gbogbo ẹ̀."

"Àwọn tó ni èdè yìí, ṣé wọn kò pọn ọmọ rí ni?"

Mo rí àyè wọlé. Mo sọ ọ́ láti abẹ́ okùn, pé, "Màmá, àwọn Faransé náà, ọ̀kan ni. Pọtée ni wọ́n ń pè é. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé."

Màmá wò mí. "Ọmọ mi, ṣé Faransé ni wọ́n ń sọ ní Wárì?"

Àwọn ọmọ tó wá pọnmi rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tèmi wà nínú wọn.

N kò gbọdọ̀ tan ara mi jẹ, nítorí Ẹni tí mò ń kọ èyí lójú rẹ̀ mọ inú mi. Owú mú mi. Ó mú mi nídìí kànga, ó mú mi nídìí ààrò, ó mú mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, oníwàásù sọ̀rọ̀ lórí owú. Mo fẹ́ tẹ́tí, ṣùgbọ́n Ìyàwó jókòó níwájú mi, ó ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀, mo sì ń bi ara mi pé ta ni obìnrin yìí ń mi orí fún. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú owú náà kúrò. Mo tún fi kún un pé kí ó jẹ́ èmi ni Màmá máa mú lọ. Mo sọ méjèèjì ní ẹ̀ẹ̀kan náà, láì mí sáàárín.

Mo pinnu pé èmi náà á kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà. Èyí tí mo bá gbọ́ lábẹ́ okùn, màá gbé e lọ sóko ẹ̀pà mi. Ẹ̀pà ti gbó, ìgbà híhú rẹ̀ ni. Bí mo bá di ìdí ẹ̀pà kan mú, màá ní, "Púlù!" ó ti jáde. Bí mo bá gbọn yẹ̀pẹ̀ pupa kúrò lára rẹ̀, màá tò ó jọ, màá ní, "Gáda!" Mò ń ké e, nítorí ẹni tó ń kọ́ nǹkan níkọ̀kọ̀ kì í mọ bí ohùn òun ṣe ń lọ sókè. Bàbá tó ni oko ẹ̀gbẹ́ mi na ọrùn látinú àgbàdo rẹ̀.

"Ìyálé, ta lẹ ń bá jà?"

"Ẹ̀pà ni, bàbá."

"Ẹ̀pà náà ṣe kí ni?"

"Kò fẹ́ jáde."

"Ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀," ni bàbá wí. "Ẹ̀rù ti ń ba àgbàdo tèmi."

Ọjọ́ tó dùn mí jù ni ìrọ̀lẹ́ tí Màmá dé láti oko pẹ̀lú igbá ẹ̀pà lórí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sáré jáde, mo na ọwọ́ méjèèjì láti sọ̀ ọ́. Màmá fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

"Nóò," ló wí. "Ai káárì."

Mo rò pé eré ni. Mo tún sún mọ́ ọn.

"Mo ní ai káárì! Kúrò lọ́nà."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó gbé ẹ̀pà náà yí ojúde po dé ẹ̀yìn ilé, ó tún gbé e padà wá. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà ní ìbàdí, ó ń rìn bí ẹni tó ń dán bàtà tuntun wò. Ìyàwó jáde láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. "Màmá, ẹ ṣeun! Ẹ sọ ọ́ dáadáa!" Ọwọ́ mi ṣì nà sílẹ̀. N kò mọ ibi tí màá gbé e sí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣa ẹ̀pà díẹ̀ tó já bọ́ nílẹ̀, kí ó lè dà bíi pé ohun tí mo tìtorí ẹ̀ jáde nìyẹn.

Ọmọ dé, ọkùnrin ni, ìyá àti ọmọ sì wà láyọ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Pọtábù Ìyàwó, ìyẹn fóònù rẹ̀, ló ń gba àwòrán, tèmi kò gbà, nítorí náà òun ni wọ́n pè. A pagbo yí i ká. Ojú ọkọ ọmọ Màmá yọ nínú rẹ̀. Màmá gba pọtábù náà, ó gbé e súnmọ́ ẹnu bí ẹni fẹ́ jẹ ẹ́.

"Mai són," ló wí. "Ai kọ́ọ̀mù. Ai káárì bébì. Mí. Mí ai káárì."

Ọkùnrin náà sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan pẹ̀lú ẹ̀rín. N kò gbọ́ nínú rẹ̀ ju "Màmá" lọ. Ìyàwó ní ó sọ pé inú òun dùn, pé ẹ̀yìn Màmá lọmọ ń dúró dè. Gbogbo ilé hó. Mo hó pẹ̀lú wọn. Nínú ọkàn mi, mo ti mọ̀ pé ó ti parí fún mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo rí i tí Ìyàwó ń rán bùbá tuntun, kò sì sí oníbàárà tó gbé aṣọ náà wá. Síbẹ̀, mo fọ ìró mi tó dára jù, mo ká a, mo fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Bóyá Ọlọ́run á ṣe é.

Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo wa ṣì jókòó, Màmá sọ̀rọ̀. Ó ní ọkọ mi ni yóò sin òun kọjá ibodè, dé ibi tí ọkọ̀ Wárì ti ń gbéra, yóò sì padà. Ọmọ òun á pàdé òun níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró. Ó ní òun nìkan lòun ń lọ.

Ìyàwó ló kọ́kọ́ lanu. "Màmá, ta ló máa bá yín gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

"Ìwọ lo kọ́ mi, o tún ń béèrè? Bí mo bá mú ọ lọ, ìwọ ni wọ́n máa kọjú sí. Wọn á ní, 'Bi Màmá, kí ló fẹ́?' N kò ní fọhùn mọ́. Mo fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi béèrè."

Inú mi dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn gidigidi. Mo sún síwájú. "Màmá, orúnkún yín ńkọ́? Ta ni yóò máa ṣe ìtọ́jú yín?"

Màmá yíjú sí mi. Kò bínú, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Kò sí ìyàwó tó ṣe ìtọ́jú mi bíi tìẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bí àkọ́bí rẹ, ta ló pọ̀n ọ́n?"

"Èmi ni, Màmá."

"Èyí tó tẹ̀ lé e?"

"Èmi ni."

"Bí mo bá ti na ọwọ́, wàá ní, 'Màmá, ẹ sinmi, orúnkún yín.' Nígbà tí a dé Wárì, ìyá ọkọ ọmọ mi kò fi ọmọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó gbé e sórí àga, kí n tó dìde, ìwọ ti gbé e. O ní kí n má ṣe wàhálà. Mo jókòó, mò ń wo tẹlifíṣọ̀n. Èmi ni mo bí ìyá ọmọ yẹn."

Mo ní, "Màmá, mo rò pé mò ń gba ẹrù lọ́wọ́ yín ni."

"Ẹrù oko, bẹ́ẹ̀ ni, máa gbà á. Ọmọ kì í ṣe ẹrù. Mò ń jowú rẹ, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ara mi ti ń di ti àgbà, mo sì fẹ́ pọn ọmọ kan kí ó tó di pé n kò lè pọ̀n mọ́."

Màmá ló ń jowú mi. Ọkọ mi wúkọ́, ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo àgùntàn.

Ọjọ́ tí Màmá máa lọ, a sìn ín dé ojú títì, níbi tí àwọn onízẹmijàn, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, ti ń dúró. Ìyàwó ló gbé báàgì Màmá, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí èmi ni ìyálé. Màmá gun ọ̀kadà kan, ọkọ mi gun òmíràn, eruku pupa sì bò wọ́n kí wọ́n tó dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́rí. Ìyàwó ń sunkún.

"Ìyálé mi," ló wí, "mo ti rán bùbá."

"Mo rí i."

"Ẹ rí i, ẹ kò sọ nǹkan?"

"Èmi náà ti fọ ìró."

Ó wò mí, ó fi etí aṣọ nu ojú, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. N kò rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń bínú nítorí pọtábù rẹ̀.

Orí pọtábù náà sì ni àwòrán gbà dé láti Wárì. Màmá dúró ní àgbàlá kan tí wọ́n fi símẹ́ǹtì tẹ́. Ó tẹ̀ díẹ̀ síwájú, aṣọ Kétu wà láyà rẹ̀, a sì rí orí ọmọ tó tẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ojú ọmọ ti pa dé. Ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́yìn wọn, ó gbé ọwọ́ lé itan. Ohùn Màmá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó kí Ìyàwó, ó kí mi, ó kí gbogbo ilé, ó ní kí a má jẹ́ kí ẹ̀pà òun jẹrà. Lẹ́yìn náà ó pariwo pé, "Ai káárì! Ai káárì!" ẹnìkan sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo gba pọtábù náà lọ́wọ́ Ìyàwó, mo gbé e lọ síbi tí òòrùn kò ti mú ojú rẹ̀ dán. Mo wò ó pẹ́. N kò jowú Ìyàwó mọ́ lásìkò náà. Ọmọ náà ni mò ń jowú. Àwọn ọmọ tèmi ti ń lọ sí ilé ìwé, wọ́n ti ń fa kànga, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ bí ẹ̀yìn Màmá ṣe gbóná tó. Ọmọ Wárì tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì ló mọ̀ ọ́n.

Mo dúpẹ́ síbẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ó rí ohun tó ń fẹ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ yín tẹ ohun tí ẹ ń nàgà fún nígbà tí agbára ṣì wà lára yín. Kí ó fún yín ní ẹnu láti béèrè rẹ̀, kí ó sì fún àwọn tó yí yín ká ní etí láti gbọ́. Bí owú bá mú yín, kí ó má mú yín débi tí ẹ ó fi gbàgbé ọpẹ́. Kí àwọn arúgbó ilé yín pẹ́ fún yín. Àmín.